Aáró Nínú Ilé Ọlọ́run: Ìtàn Ìjọ Onígbàgbọ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Kí òyìnbó oníwàásù kankan tó gun òkè Aké, kí ẹnikẹ́ni tó sì fi èdè Yorùbá ka Ìwé Mímọ́ sétí àwọn ọmọ Lísàbí, ohun kan ti wà lọ́wọ́ Ẹ̀gbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí òpìtàn bá fò ó dá, kò ní mọ ìdí tí ìjọ Onígbàgbọ́ fi ta gbòǹgbò ní Abẹ́òkúta bí ó ti ta á. Ohun náà ni aáró. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ a gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọn a dà sí oko Lágbájá. Lọ́la, oko Tàmẹ̀dò ni. Ẹni tí ó ni oko a se oúnjẹ, a pọn omi, ṣùgbọ́n kò ní san owó fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé apá ni a fi ń san gbèsè apá, ẹni tí kò bá sì jáde sí oko ẹlòmíràn, èpò ni yóò bá a sọ̀rọ̀ lóko tirẹ̀.

Inú aáró yìí ni Lísàbí, ọmọ Ìtòkú tí ó gbé ní Ìgbẹ̀hìn, fi ọ̀tẹ̀ pamọ́ sí nígbà tí àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń gbé ewúrẹ́ onílé, tí wọ́n ń mú ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tí ó ń kọ ebè pa pọ̀ ni ó di ogun pa pọ̀, tí wọ́n dìde lọ́jọ́ kan náà láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn. Àwọn ìwé a máa fi ọ̀ràn náà sí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ka ọdún, ìran ni ó ń kà. Lórí òpin Lísàbí, ẹnu àwọn àgbà kò kò: àwọn kan ní ńṣe ni ó wọlẹ̀ ní igbó tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní, àwọn mìíràn kò sì fi bò pé àwọn Ẹ̀gbá tí ó gbà sílẹ̀ gan-an ni ó pa á, nítorí ìlara. Ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó jiyàn pé aáró ni ó fi kó wọn jọ.

Ohun tí aáró kọ́, ogun wó o. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ fọ́, tí ogun Fúlàní sì ń ti àwọn ará òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ gbìmọ̀ pọ̀ wó Ọ̀wu, ẹbọra ogun náà kò jókòó lẹ́yìn tí ó jẹ Ọ̀wu tán. Ó kọjú sí igbó Ẹ̀gbá, ó sì ń fọ́ ìlú kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí a fi gbogbo rẹ̀ di ẹ̀bi ìjà àárín ìbátan. Ọ̀nà òkun ń béèrè ẹrú, ìbọn àti ẹ̀tù sì ń gòkè bọ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ẹrú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di pé ẹni tí kò bá mú ẹlòmíràn tà, àwọn tí ó ti ra ìbọn yóò mú un tà. Àwọn tí ó ṣẹ́kù sá lọ sí Ìbàdàn, ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀, títí Ṣódẹkẹ́ fi kó wọn jáde ní 1830 wá sí abẹ́ Olúmọ. Àwọn òǹkọ̀wé fi ọdún náà ṣe ìpìlẹ̀ ìlú. Ìtàn ẹnu kò gbà pé ilẹ̀ náà ṣófo nígbà náà, nítorí Adágbà, àgbẹ̀ Ìtòko, ti ń dáko níbẹ̀ ṣáájú, òun ni a sì ṣe ń pe ìlú náà ní Oko Adágbà. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ogun fọ́ tún orúkọ rẹ̀ sọ lórí àdúgbò tuntun, tí Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Ọ̀wu sì wá bá wọn ní nǹkan bí 1834. Ní abẹ́ òkúta kan ṣoṣo, ìlú tí kò lóǹkà ń gbé. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, àyè ẹni tí a tà ṣófo.

Ibo ni àwọn tí a tà wà? Ọ̀pọ̀ kọjá sí Brazil àti Cuba, wọn kò sì bọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan lójú omi, ó sì já wọn sílẹ̀ ní Sàró, ní Freetown àti àwọn abúlé tí ó yí i ká bíi Hastings àti Waterloo. Níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ọ̀yọ́, tí wọn ìbá máa ṣọ́ ara wọn pẹ̀lú ọfà nílé, bá ara wọn nínú àhámọ́ kan náà, àwọn àjèjì sì sọ gbogbo wọn ní Akú, nítorí pé ẹnu wọn kì í dákẹ́ ìkíni: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí kò ní baba, tí kò ní ìyá, tí kò mọ bóyá ilé rẹ̀ ṣì dúró, kí ni ó kù fún un? Ẹni tí a bá lábà là ń pè ní baba. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn; nígbà tí àwọn oníwàásù sì dé pẹ̀lú ìròyìn ilé Baba kan tí ogun kò lè fọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí ju bí ó ti lè wọ ẹni tí ó jókòó sí agbo ilé baba rẹ̀ lọ. Èyí ni mo gbà pé ó jẹ́ ìdí àkọ́kọ́ tí ìgbàgbọ́ fi mú láàárín wọn, kì í ṣe pé òyìnbó mọ̀ ọ́n sọ.

Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ní 1839, àwọn Akú tí ó ti rí owó ṣòwò ra ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n fi Ọbabìnrin Victoria sọ ọ́ lórúkọ, ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrú lọ sì di ọkọ̀ tí ó ń kó ọmọ bọ̀ wálé. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń rìn gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí a ti mọ̀ wọ́n ní Sàró. Kò pẹ́ tí ọkàn àwọn kan nínú wọn fi ń fà sí ìjọ tí wọ́n fi sílẹ̀. James Ferguson kọ̀wé láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì fi oníwàásù ránṣẹ́. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe oníwàásù ni ó wá ìjọ lọ, ìjọ ni ó ránṣẹ́ pe oníwàásù.

Ta ni ó kọ́kọ́ dé? Bí ẹ bá bi ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, yóò dárúkọ Thomas Birch Freeman, ọmọ tí aláwọ̀ dúdú bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí Ṣódẹkẹ́ gbà lálejò ní oṣù Ọ̀pẹ 1842. Bí ẹ bá bi ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Henry Townsend ni yóò dárúkọ, tí òun wọ ìlú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1843, tí ìjọ rẹ̀ sì tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1846. Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ fún Freeman ní ìṣáájú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn méjèèjì tilẹ̀ pàdé ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n àwọn Sàró tí ń ka Bíbélì nínú yàrá wọn kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé, ta ni ń bi wọ́n? Àwọn àgbà ìlú ní ìtàn kẹta tí kò sí nínú ìwé ìròyìn àwọn oníwàásù: pé Ifá ti sọ tẹ́lẹ̀, láti ẹnu babaláwo kan ará Ìkìjà, pé aláwọ̀ funfun yóò wá, ìlú yóò sì tipa rẹ̀ gbilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àsọtẹ́lẹ̀ náà ti dàgbà sí i lẹ́yìn tí àlejò dé. Síbẹ̀, ó fi ojú tí Ẹ̀gbá fi wo ẹ̀sìn tuntun hàn wá. Dàhòmì ń fẹ́ wọn jẹ láti ìwọ̀-oòrùn, Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà wọn sí òkun, wọ́n ń wá ọ̀rẹ́ tí ó ní ìbọn. Ṣódẹkẹ́ kò kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọ̀nà òkun ni ó ń wò lẹ́yìn èjìká oníwàásù. Ó kú ní 1845, kò rí bí ọ̀ràn náà ṣe já sí.

Nínú àwọn tí ó wọ ìlú ní 1846 ni Samuel Ajayi Crowther wà, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821 ní ọmọdé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún, ìyá kan tí ó ti gbó, tí ó ti rù, dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àfàlá ni, ìyá tí ó bí i, tí kò fojú kàn án láti nǹkan bí ọdún 25 sẹ́yìn. Nínú ohun tí Crowther kọ sílẹ̀ nípa ọjọ́ náà, ara ìyá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì ń wo ara wọn láìfọhùn, títí tí omijé fi ń ṣàn; lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré, orúkọ tí kò sí ẹnikẹ́ni ní Sàró tí ó mọ̀ wọ́n. Ní 5 oṣù Èrèlé 1848, Àfàlá wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí a rì bọmi ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ọ̀pọ̀ ìyá ní ìlú náà ni ó ní ọmọ tí kò bọ̀. Ó ṣòro kí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tàn ká kí wọ́n má wá wo inú ilé ìsìn bóyá tiwọn náà wà níbẹ̀.

Bí ìjọ ṣe ń pọ̀, a pín in sí kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Sàró. Àwọn òyìnbó rò pé ìlànà tiwọn ni, ní ti orúkọ sì rèé, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe aáró rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ènìyàn díẹ̀ ni ó wà lábẹ́ olórí kíláàsì kan, ọkùnrin sí ti ọkùnrin, obìnrin sí ti obìnrin. Wọ́n ń pàdé lọ́sẹ̀, wọ́n ń san owó ẹyọ tí ó di kọ́bọ̀ nígbà tí ayé yí padà. Mo ti fi ọwọ́ mi ṣí irú ìwé kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, tí ikán ti jẹ etí rẹ̀: orúkọ ní apá òsì, ilà fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì kan fún ẹni tí ó wá, òmíràn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ọ̀tọ̀ fún ẹni tí ó lọ sí oko, ilà dúdú kan tí ó gùn fún ẹni tí kò tún ní wá mọ́. Kò sí ìdí fún olórí kíláàsì láti béèrè ẹ̀kọ́ ìsìn tó jinlẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó ń béèrè ni: Kí ló dé tí ẹ kò rí Ìyá Lágbájá? Ta ni ó bá a pọn omi? Ìjà tọkọtaya ibo ni a ń gbọ́? Ẹ̀sìn tí ń gbé inú ìwé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi a máa sọ̀kalẹ̀ wá sí ìdí ààrò ní ọjọ́ Ajé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kíláàsì gbà mọ́ àwọn àgbà ìlú lọ́wọ́ tí wọn kò lè dárí rẹ̀ jì: òkú. Bí ẹnì kan bá kú ní Abẹ́òkúta, àwọn Ògbóni àti àwọn olórìṣà ní ẹ̀tọ́ tí ó wà fún wọn, ní owó, ní ẹran, ní aṣọ, kí a tó sin ín sínú ilé rẹ̀. Àwọn Onígbàgbọ́ ní àwọn yóò máa sin òkú ara wọn sí ilẹ̀ ìjọ, láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ronú sí i: kì í ṣe owó nìkan ni ó bọ́, ibojì baba ni ó ń so ọmọ mọ́ ilé. Ní 1849 inúnibíni bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n mú àwọn Onígbàgbọ́, wọ́n lù wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ àti pàṣán fipá mú wọn bọ òrìṣà. Àwọn obìnrin kò gbẹ́yìn nínú àwọn tí ó farada á, ó sì lè jẹ́ nítorí pé nílé ọkọ tàbí ilé baba, ohùn tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ dún bí ó ti ń dún nínú ìpàdé kíláàsì. Ohun tí ó yí ojú ìlú padà kì í ṣe ìwàásù. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1851, Gezo, ọba Dàhòmì, kó ogun rẹ̀ dé odi Abẹ́òkúta ní ìhà Aro, àwọn Onígbàgbọ́ sì gun odi bí gbogbo ọmọ ìlú, wọ́n jà, Dàhòmì sì sá. Lẹ́yìn náà, àwọn tí a ń pè ní ọmọ àlè ilé di ọmọ ogun. Wọ́n tilẹ̀ ní Balógun tiwọn nígbà tó yá, John Okenla.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e dùn. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ oníwàásù Áńgílíkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ń sọ pé kí ìjọ Áfíríkà bọ́ ara rẹ̀, kí ó darí ara rẹ̀, kí ó tan ara rẹ̀ kálẹ̀, òwú sì ni ó fẹ́ kí Ẹ̀gbá máa tà dípò ènìyàn. Crowther ń túmọ̀ Bíbélì díẹ̀díẹ̀, títí odindi rẹ̀ fi jáde lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ní 1884. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1859, Townsend gbé *Ìwé Ìròyìn* jáde fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ọgọ́fà ẹyọ owó ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, ìròyìn ìrìbọmi, ìròyìn ìjà àti iye owó òwú sì jókòó nínú rẹ̀ pa pọ̀. Ìwé tí ọmọ alákọ̀wé ń kà sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé kà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni Ìfọ́lé dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, 13 oṣù Ọ̀wàrà 1867, wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó lọ sí Èkó. Ìwé àwọn oníwàásù máa ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìkórìíra àwọn abọ̀rìṣà sí Jésù. Ìtàn tí a ń sọ nínú agbo ilé kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì tẹ̀ lé agbo ilé. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ó fara mọ́ Ìbàdàn nígbà ogun Ìjàyè, ó bá Ẹ̀gbá jà ní Ìkòròdú ní 1865, Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, sì ń fi ọlọ́pàá sí ẹnu ààlà bí ẹni pé ilẹ̀ náà ti di tirẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ìyàlẹ́nu rẹ̀ ni pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú tí ó pàṣẹ pé kí ìsìn dúró, G. W. Johnson, Sàró ni òun náà. Àwọn Ẹ̀gbá Onígbàgbọ́ tí ó sá dé Èkó tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tí Glover pín fún wọn ní òpópónà gígùn gbọọrọ. Àwọn tí ó kù sílé kó ara wọn jọ nínú yàrá, àwọn àlùfáà dúdú àti àwọn olórí kíláàsì ni ó ń ṣọ́ wọn, kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀, ìjọ kò sì kú. Ìwé Venn kò lè fi ẹ̀rí tí ó dára ju èyí lọ hàn.

Kí ẹ má sì rò pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìwà mímọ́. Nígbà tí James Johnson, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Johnson Mímọ́ nítorí líle rẹ̀, wá ṣe alábòójútó ní 1877, ó bá àwọn ọmọ ìjọ pàtàkì tí ó ní ẹrú àti ìwọ̀fà nínú agbo ilé wọn, àwọn Sàró tí a ti tà rí pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ó sì fi kún owó kíláàsì. Ìbínú tí ó dìde kò kéré. Àwọn olówò ní bí kò bá sí ẹrú, ta ni yóò ru epo dé ẹ̀bá odò. Àwọn ìyá àgbà ní ìwọ̀fà ti di ọmọ ilé. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀ràn náà ni pé ìjọ tí a kọ́ lórí ìrora ẹni tí a tà, kò rí ìrora náà nígbà tí ó jókòó sí ìdí ààrò tirẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n pe Johnson padà sí Èkó.

Lẹ́yìn náà, aya púpọ̀ ni ó di ìjà, àti ẹni tí yóò jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú yà kúrò ní 1891, òmíràn ní 1901, wọ́n sì gba Abẹ́òkúta kan. Ní 1914, àlùfáà Ogunbiyi dá Ògbóni tuntun sílẹ̀ fún àwọn Onígbàgbọ́, ìyẹn sì jẹ́ pé àwọn tí baba wọn jẹ pàṣán nítorí Ògbóni tún wọ ilé ìlédì láti ẹnu ọ̀nà mìíràn. Àwọn Aládùúrà tí ó gbilẹ̀ láti 1925 àti láti ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà ní 1930 kò ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àdúrà wọn, tí ń ṣọ́ aláìsàn títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Ìdílé Ransome-Kuti ni a fi rí i bí ìgbàgbọ́ ṣe jáde kúrò nínú ilé ìsìn lọ sí ọjà. Josiah, tí ó gbé láti 1855 sí 1930, mú ohùn orin Yorùbá wọ inú ìsìn, ó sì kọrin sínú ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Israel, ọmọ rẹ̀, darí Abẹ́òkúta Grammar School, ìyàwó rẹ̀ Funmilayo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹgbẹ́ àwọn ìyá Onígbàgbọ́ tí ó mọ̀wé, tí wọn ń ran aṣọ, tí wọn ń dáná àkàrà òyìnbó. Nígbà tí àwọn ìyá ọjà wá, tí wọ́n fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, tí wọ́n sì ń ráhùn lórí owó orí àti ìrẹsì tí àwọn aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ náà ṣí ilẹ̀kùn, ó sì di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta, onígbàgbọ́, ìmàle àti abọ̀rìṣà. Wọ́n gbé ìjà náà dé ààfin, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949 sì ni Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọdé ti sáré jáde, àwọn àgbà a ṣì máa jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn. Olórí kíláàsì a ṣí ìwé, a máa pe orúkọ, wọn a máa dáhùn. Ó kan orúkọ kan, kò sí ẹni tí ó dáhùn, kò sì sí ẹni tí ó ya ẹnu. Olórí a mú kálámù, a fà á láti ọ̀sẹ̀ yẹn títí dé etí ìwé. A nu imú gègé náà mọ́ ìdí ìwé. Lẹ́yìn náà a gbé ojú sókè, a béèrè ẹni tí yóò pọn omi lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mẹ́ta a dìde lẹ́ẹ̀kan náà.